Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n bá yín pa iná check engine

"Ọ̀gá, ẹ bá mi pa iná yìí." Gbólóhùn tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn oníbàárà nìyẹn. Wọn kì í ní kí n bá wọn wo ọkọ̀, iná ni wọ́n ní kí n pa, iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, tó máa ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí gbogbo wa mọ̀ sí check engine. Ríwáyà ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà létí títì tó lọ sí Ìkìrun, ní Òṣogbo níbí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ kàbúrétọ̀ ló ṣì kún ìgboro, Peugeot 504 àti Datsun, iṣẹ́ iná ọkọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju bátìrì, fíúsì, sítátà àti iná iwájú lọ. Nígbà tí tòkunbọ̀ oníkọ̀ǹpútà wá gba ìlú, iṣẹ́ yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wa padà lọ kọ́ ọ. Àwọn kan ra scanner, ẹ̀rọ tí a fi ń ka ohun tí ọkọ̀ kọ sílẹ̀ nípa àìsàn rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó parí síbẹ̀.

Pípa iná yẹn ò le rárá. Mo lè tú orí bátìrì kí n sì dá a padà, tàbí kí n fi scanner pa á rẹ́. Iná á kú, inú oníbàárà á dùn, á fún mi lówó, á sì gba Ọláìyá lọ sílé. Kò ní pẹ́ tí yóò fi pè mí pé ó ti tún tàn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ohun tó tan iná náà ṣì wà nínú ọkọ̀, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí ọpọlọ ọkọ̀, tí a ń pè ní brain box, kọ sílẹ̀ nípa àìsàn náà, a ti pa á rẹ́ mọ́ iná.

Kí n tó so scanner mọ́ ọkọ̀ kankan, ohun kan wà tí mo máa ń ṣe tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mo máa ń yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, láì sítáàtì. Check engine gbọ́dọ̀ tàn pẹ̀lú ti ọ́ìlì, ti bátìrì àti ti airbag. Tí a bá wá sítáàtì, tí ara ọkọ̀ sì le, á kú. Bí kò bá tàn rárá kí a tó sítáàtì, ẹ fura. Ó lè jẹ́ pé gílóòbù ló jó lóòótọ́. Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà ni mo ti máa ń rí i jù, ọwọ́ ẹ̀dá ló sì máa ń wà nídìí ẹ̀.

Olùkọ́ kan gbé Camry kan wá fún mi kí ó tó sanwó. Ó ní ẹni tó fẹ́ tà á sọ pé "kò sí iná kankan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù." Òótọ́ ni, kò sí. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ti ọ́ìlì tàn, ti bátìrì tàn, ojú ibi tí check engine yẹ kó wà ṣókùnkùn biribiri. A tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ti gé téèpù dúdú wínńíwínńí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àwòrán ẹ́ńjìnnì náà, iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, kí a má purọ́. Mo ṣí téèpù kúrò, iná sì tàn rekete. Olùkọ́ padà lọ, wọ́n sì bá a yọ owó kúrò lórí ọkọ̀ náà. Àwọn tó gbọ́n ju ìyẹn lọ máa ń so wáyà check engine mọ́ ti ọ́ìlì, kí méjèèjì lè jọ tàn, kí wọ́n sì jọ kú. Ẹni tó bá fẹ́ mú irú wọn ní láti wo inú scanner. Níbẹ̀, ọkọ̀ á sọ bóyá ó ti parí àwọn àyẹ̀wò tó máa ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò bá wà tí kò tíì parí, tí ẹni tó ń tà á sì ń búra pé òun ń wà á lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹnì kan ti pa kóòdù, ìyẹn àmì àṣìṣe tí ọkọ̀ kọ sílẹ̀, rẹ́ láìpẹ́, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe iná yìí. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan ní Amẹ́ríkà pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ní ètò OBD-II, ètò tí ọkọ̀ fi ń ṣàyẹ̀wò ara rẹ̀. Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2001 fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróò, àti 2004 fún ti dísù. Ìdí nìyẹn tí ojú ihò tí a ń ki scanner bọ̀ fi rí bákan náà, tó ní ẹsẹ̀ 16, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní apá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Èéfín ni wọ́n ń ṣọ́ tí wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà, iná yẹn lè tàn nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré bí ẹtu, torí pé ìdérí tánkì epo kò dé dáadáa. Ọkọ̀ tí bẹ́ríìnì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sì lè máa lọ láìsí iná kankan. Iná ọ́ìlì pupa àti ti ooru ẹ́ńjìnnì, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Bí àwọn yẹn bá tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ má tiẹ̀ dúró wá ríwáyà.

Wàyí o, kóòdù. Ọkọ̀ á ní P0171, P0420, P0302. Lẹ́tà P yẹn ni ti ẹ́ńjìnnì àti jíà, C ni ti abẹ́ ọkọ̀ bíi bíréèkì, B ni ti inú àti ara ọkọ̀, U sì ni ti àwọn brain box tí kò gbọ́ ara wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á tẹ kóòdù sórí Google, wọ́n á rí orúkọ sẹ́ńsọ̀ kan (ẹ̀yà kékeré tó ń wọn nǹkan fún brain box) níbẹ̀, wọ́n á sì lọ ra sẹ́ńsọ̀ náà. Bí ọmọ kékeré bá ń ké tó fọwọ́ di orí, orí lè máa fọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ ibà ló lè fà á. Ìròyìn ohun tí brain box rí ni kóòdù. Ẹni tó ṣe é, àwa la máa wá a.

Àlàájà kan tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba ló ni ọkọ̀ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ yìí títí di òní. Corolla 2005 ni. Ó wọlé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán o, Ọ̀gá Ríwáyà."

"Ẹ káàsán mà, Àlàájà. Ẹ kú ọjà."

Ó da ohun tó wà nínú ọ̀rá sórí bẹ́ǹṣì: sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn tí a ń pè ní MAF, àti púlọ́ọ̀gì mẹ́rin. "Wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo èyí, iná ò lọ. Ní báyìí, wọ́n ní pọ́ǹpù epo ló kù. Mo ní kí n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ yín kí n tó fi owó ọjà ra pọ́ǹpù."

Mo bi í bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣe é.

"Láàárọ̀ ló máa ń gbọ̀n. Tó bá ti gbóná tán, ara ẹ̀ á balẹ̀."

Mo ní kí Wàsíù, ọmọ iṣẹ́ mi, kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ mọ ohun tí scanner kò mọ̀, a kàn kì í bi wọ́n ni.

Kóòdù inú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, P0171. Ohun tó ń sọ ni pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́: MAF máa ń wọn atẹ́gùn tó wọlé, brain box á wo ìwọ̀n yẹn, á sì sọ fún ínjẹ́tọ̀ iye epo tó máa fọ́n sí i. Tí ó bá jó tán, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára sàlẹ́ńsà á tọ́ èéfín rẹ̀ wò, á sì padà lọ jábọ̀ bóyá epo kéré tàbí ó pọ̀. Bí epo bá kéré, brain box á bù kún un. Á máa bù kún un, á máa bù kún un, títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, níbẹ̀ ni yóò ti tan iná. Ẹni tó bá wá lọ yọ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn sọ nù, ìránṣẹ́ tó jábọ̀ òtítọ́ ló lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Iye tí brain box ń bù kún epo tàbí tí ó ń yọ kúrò, scanner máa ń fi hàn ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Fuel trim ni wọ́n ń pè é. Oríṣi méjì ni: ọ̀kan ń lọ sókè sódò lójú ẹsẹ̀, èkejì ni ti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí ọkọ̀ ti fi kọ́ra. Bí ti ọjọ́ pípẹ́ bá wà láàárín 10% sókè àti 10% sísàlẹ̀, kò sí wàhálà. Ti Àlàájà wà ní 27% sókè nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lójú kan tí a ò tẹ tọ́tù. Mo ní kí Wàsíù tẹ tọ́tù kí ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìgbà 2500 ní ìṣẹ́jú kan, kó dì í mú síbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí 5%.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ti tán fún mi. Bí pọ́ǹpù epo bá ń kú lọ, tàbí tí fílítà rẹ̀ dí, bí a bá ṣe ń tẹ tọ́tù sí i ni epo á ṣe máa ṣẹ́ sí i, tí iye yẹn á sì máa gòkè. Èyí ń sọ̀ kalẹ̀. Ihò kan ló wà níbì kan lẹ́yìn MAF tó ń fa atẹ́gùn tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n. Tí ẹ́ńjìnnì bá dúró jẹ́ẹ́, atẹ́gùn díẹ̀ ló ń fà, nítorí náà ti inú ihò yẹn á pọ̀ lójú ẹ̀. Tí a bá tẹ tọ́tù, atẹ́gùn tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé á pọ̀ débi pé ti inú ihò ò já mọ́ nǹkan mọ́. A ò tíì fọwọ́ kan sípánà kankan o, a kàn wo nọ́ńbà méjì ni.

Mo ní kí a pa á, kó tutù pátápátá, torí ohun tí Àlàájà sọ nípa òwúrọ̀. Àlàájà lọ kírun. Nígbà tó tutù, a sítáàtì rẹ̀, a fi ìgò tí àwọn onírun fi ń fín omi sí orí fín omi díẹ̀díẹ̀ sí àwọn ibi tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. (Àwọn kan máa ń lo kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ kàbúrétọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mo ti rí ibi tó ti gbiná lórí sàlẹ́ńsà tó gbóná, omi ni mo fara mọ́.) A fín in sí ìdí mánífóòdù, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, kò ṣe nǹkan kan. A fín in sí họ́ọ̀sì ńlá tó ti ibi fílítà wá, kò sí. Họ́ọ̀sì bíréèkì, kò sí. Mo wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ họ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé èéfín ọ́ìlì láti orí ẹ́ńjìnnì lọ sínú mánífóòdù. Lókè, ó ń dán, ojú lásán ò lè rí nǹkan kan lára rẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ìka mi bá ibi tó ti là gbọọrọ, etí rẹ̀ le bí awọ gbígbẹ, ó sì ń fa àtàǹpàkò mi mọ́ra. Mo fín omi síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó tún dúró, ó tún húkọ́. Mo fi ìka dí i, ìdúró ẹ́ńjìnnì sì yí padà lójú gbogbo wa. Tí ara ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, họ́ọ̀sì á rọ̀, ojú ibi tó là á sún mọ́ra díẹ̀. Ohun tó ń mú kí ara ọkọ̀ balẹ̀ lọ́sàn-án nìyẹn.

Owó họ́ọ̀sì yẹn kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá owó tó wà nínú ọ̀rá dúdú. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó lè gba ọ́ìlì àti epo. Bí wọ́n bá gé họ́ọ̀sì omi lásán fún yín, á wú, á rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi kílípì tuntun mú un, mo pa kóòdù rẹ́, mo sì wa ọkọ̀ náà gba Òkè-Fìà dé Abéré kí n tó dá a padà, kí brain box lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ kọ́. Kì í padà sípò lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàájà gbà kí n bá òun fi MAF tirẹ̀ àtijọ́ padà. Èyí tí wọ́n rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ayédèrú, ìwọ̀n tó ń fún wa kò bá ẹ́ńjìnnì 1.8 mu rárá. Ìdọ̀tí díẹ̀ ló wà lára ti àtijọ́, kẹ́míkà tí wọ́n ṣe fún MAF nìkan ni mo sì fi fọ̀ ọ́, láì fi ọwọ́ tàbí bọ́rọ́ṣì kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀.

P0171 kan náà lè jẹ́ ohun tí kò kan ọkọ̀ rárá. Ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí ìjọba kéde pé epo tí mẹ́táánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ orílẹ̀-èdè wa, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le dáadáa ń tan iná. Ọ́síjìn ti wà nínú mẹ́táánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nítorí náà á dà bíi pé epo kéré lójú sẹ́ńsọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń bi oníbàárà léèrè ibi tó ti ra epo kẹ́yìn, kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

P0420 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dun mí. Kátálíìsì ni ọ̀rọ̀ kàn níbẹ̀, ìkòkò onírin tó wà lára sàlẹ́ńsà, tó ń fọ èéfín mọ́. Platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, owó ńlá ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kiri gáréèjì pé àwọn ń ra kátálíìsì. Wọ́n á sọ fún oní-nǹkan pé ó ti dí, pé òun ló ń mú ọkọ̀ wúwo, wọ́n á gé e, wọ́n á fi páìpù òfìfo jó o padà. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kejì, tó wà lẹ́yìn kátálíìsì, á wá rí i pé èéfín tó dé ọ̀dọ̀ òun ò yàtọ̀ sí èyí tó kúrò lọ́dọ̀ ti iwájú. Iná dé nìyẹn, kò sì sí ríwáyà tó lè fi wáyà tọ́jú rẹ̀ láì tan ọkọ̀ jẹ. Àwọn kan máa ń fi irin kékeré gbé sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn sókè kí ó má bàa rí nǹkan tó ń lọ. Èmi kì í ṣe é. Ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà ni pé ọkọ̀ yín á máa lọ, àmọ́ iná kan náà ló wà fún gbogbo àìsàn. Bó bá ti fi ti kátálíìsì tàn sílẹ̀ títí, ọjọ́ tí nǹkan míì bá bàjẹ́, ẹ ò ní mọ̀. Kí ẹ tó dá kátálíìsì lẹ́bi, ẹ wo sàlẹ́ńsà dáadáa pàápàá, kó má jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n jó ló ń yọ èéfín, tó ń fa atẹ́gùn òde sọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀.

Iná tó dúró ṣinṣin yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣẹ́jú. Bí check engine bá ń ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n, sìlíńdà kan ló ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Epo tí kò jó á ṣàn lọ sínú kátálíìsì, ibẹ̀ ni yóò ti máa jó, tí ìkòkò náà á fi pọ́n bí ẹ̀yinná, tí inú rẹ̀ á sì yọ́. Ẹ má tẹ tọ́tù, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́. Awakọ̀ takisí kan wa ọkọ̀ pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú yẹn láti Ìlọbù dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun fẹ́ já èrò òun sílẹ̀ ná. P0302 ni, ìyẹn sìlíńdà kejì. Kò sí ohun tí a rà láti fi wádìí rẹ̀. Mo gbé kọ́ìlì kejì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, sórí ẹ̀kẹta, mo gbé ti ẹ̀kẹta sórí èkejì, mo ní kó sítáàtì. Kóòdù di P0303. Bí kóòdù bá tẹ̀ lé kọ́ìlì, kọ́ìlì ni. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ lọ wo púlọ́ọ̀gì, ẹ wo ínjẹ́tọ̀ àti wáyà rẹ̀.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kóòdù á pọ̀ bí eṣú. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, jíà, ABS ti bíréèkì, tọ́tù, U báyìí, P báyìí, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gba kóòdù gbọ́ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, á ta ilẹ̀ ra sẹ́ńsọ̀. Gbogbo nǹkan kì í bàjẹ́ pa pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, iná tí gbogbo wọn jọ ń jẹ ni kí ẹ wò. Mo máa ń fi mítà wo bátìrì: nǹkan bíi fóòtì 12.6 nígbà tí ọkọ̀ sinmi, 13.5 sí 14.7 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ẹ̀tì, wáyà dúdú tó lọ láti orí bátìrì sí ara ọkọ̀ àti sí ẹ́ńjìnnì. Ìpẹtà funfun lásán lábẹ́ bọ́ọ̀tì ẹ́ẹ̀tì ti tó láti ya brain box ní wèrè. Ìgbà òjò ni èyí máa ń pọ̀ sí i, àti lẹ́yìn tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ bá ti fi omi olágbára fọ ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó ń dán wù yín, àmọ́ ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má fi ẹnu páìpù náà kọ orí ìsopọ̀ wáyà.

Iná tó ń purọ́ gan-an, èyí tó ń tàn tí ara ọkọ̀ sì le koko, kò wọ́pọ̀. Àmọ́ ó wà. Ọmọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wá, check engine tàn gbòò, mo ki scanner bọ̀ ọ́, kò sí kóòdù kankan. Èyí tí kò tíì fìdí múlẹ̀ pàápàá kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ scanner ní ibì kan tó ti ń sọ bóyá brain box fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí iná tàn. Ti ọkọ̀ yìí kọ OFF. Ìyẹn ni pé brain box ò mọ nǹkan kan nípa iná tí gbogbo wa ń wò. Lára àwọn ọkọ̀ tó ti dàgbà díẹ̀, wáyà kan ṣoṣo ló lọ láti brain box sí ìdí gílóòbù náà, tí brain box bá sì fẹ́ tan án, á fi wáyà yẹn kan ẹ́ẹ̀tì. Bí ohunkóhun míì bá fi wáyà náà kan ẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà, iná á tàn láìjẹ́ pé brain box dá sí i. Mo bi í pé, "Àbúrò, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yìí láìpẹ́?" Ó ní kò sí. Mo tún bi í. Ó ní àwọn fi amplifier sí i, kí orin lè dún. A ṣí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Súkúrúù kan tí wọ́n fi de irin amplifier mọ́ ara ọkọ̀ ti gún ìdì wáyà kan lágbede méjì, bàbà pupa ń dán lára ọ̀kan nínú wọn, ó sì gbé ara lé irin súkúrúù náà. Mo yọ ọ́, iná kú lójú ẹsẹ̀. Mo di wáyà náà dáadáa, mo sì bá a wá ibòmíràn de irin rẹ̀ sí. Ó ní ẹni tó fi orin sí i fún òun ti kọ́kọ́ sọ pé brain box ló ti jó.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọdọ̀ pa kóòdù rẹ́ kí ó tó dà á kọ sínú ìwé. Ó tún gbọ́dọ̀ kọ ohun tí brain box yà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bó ṣe ń sáré tó, iye fuel trim rẹ̀. Ká ní wọ́n wo ìyẹn lára ọkọ̀ Àlàájà, wọ́n á ti rí i pé omi ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná nígbà tí iná tàn, tí ọkọ̀ sì wà lójú kan. Lẹ́yìn àtúnṣe, mi ò kì í tètè yọ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìrìn méjì tẹ̀léra kí iná tó tàn, nítorí náà iná tó kú lónìí kò tíì jẹ́rìí. Tí a ò bá sì pa á rẹ́, brain box fúnra rẹ̀ á pa iná lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta tí kò bá ti rí àṣìṣe náà mọ́.

Owó ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta láì bínú á béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé họ́ọ̀sì lásán yìí lẹ fẹ́ gba iye yẹn lé lórí?" Mo máa ń sọ fún wọn pé họ́ọ̀sì ní iye tirẹ̀, wíwá a ní iye tirẹ̀, mo sì máa ń kọ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú rìsíìtì. Àwọn kan máa ń bínú lọ. Àlàájà san tirẹ̀ pé pérépéré, ó sì ní kí n bá òun wá ẹni tó lè ra MAF ayédèrú yẹn. Mo ní kò sí o.